Àárọ̀ Tí Mo Lọ Rajà Lọ́wọ́ Ọmọ Mi

Aago mẹ́fà ku ogún ìṣẹ́jú ni mo ti ilẹ̀kùn ilé mi ní Becontree Heath, ní Dagenham, ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, mo sì mì ín wò lẹ́ẹ̀mejì kí n tó kúrò níbẹ̀. Ojú ọjọ́ ṣì dúdú. Ní oṣù Kejìlá, ilẹ̀ kì í mọ́ dáadáa níbí títí aago mẹ́jọ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lù, nítorí náà kí ẹ̀yin tí ẹ ń kà á nílé má rò pé òru ni mo rìn. Àárọ̀ ni. Àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ ti wà lójú ọ̀nà, ìrì tó dì sì ti bo gíláàsì gbogbo mọ́tò tó wà ní àdúgbò wa bí ìyẹ̀fun.

Mo wọ ẹ̀wù òtútù mi tó gùn, mo wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì lórí ara wọn. Nínú àpò kékeré kan ni mo gbé búrẹ́dì tí mo fi ẹyin sí láàárín sí, pẹ̀lú fúláàsì tíì tí mo ti fi ata ilẹ̀ sè. Nínú pọ́ọ̀sì mi, mo ní owó bébà pọ́n-ùn mẹ́wàá kan tí a kò tíì ṣẹ́ po rí. Báńkì ni mo ti lọ gbà á lọ́jọ́ tó ṣáájú, mo sì sọ fún wọn pé tuntun ni mo fẹ́.

Ibi tí mo ń lọ kò jìnnà bí ẹ bá wò ó lórí máàpù. Ilé ìtajà ńlá kan ni, ní àárín ìgboro Lọ́ńdọ̀nù, irú èyí tó ní àjà mẹ́fà, tí wọ́n kọ́ láyé àwọn ìyá ìyá wa. Ìrìn wákàtí kan àti díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n láti ọdún mẹ́tàlélógún tí mo ti ń gbé Dagenham, n kò wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ rí. Heathway ni èmi ti ń rajà. Ibẹ̀ ni iṣu wà, ibẹ̀ ni ẹja gbígbẹ wà, ibẹ̀ ni mo ti ń ra bàtà ilé ẹ̀kọ́ fún ọmọ mi títí ó fi dàgbà.

Nítorí ọmọ náà ni mo ṣe ń rìn. Dọlápọ̀ lorúkọ rẹ̀, ẹni ogún ọdún ni, òun nìkan sì ni mo bí. Èmi àti òun la jọ ń gbé láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú. Ní oṣù Kẹsàn-án, ó sọ fún mi pé òun kò padà sí yunifásítì mọ́, pé òun ti rí iṣẹ́ ní ilé ìtajà yẹn, ní àjà kẹrin, níbi tí wọ́n ti ń di ẹ̀bùn fún oníbàárà, ó sì wu òun. Mo dá a lóhùn pé: "Ìyá mi jókòó sí ìsọ̀ aṣọ fún ogójì ọdún kí èmi má bàa tajà. Èmi ń fọ ìkòkò ní ilé ìdáná ilé ẹ̀kọ́ kí ìwọ má bàa tajà. O wá rìn títí dé Lọ́ńdọ̀nù láti wá di ọlọ́jà!" Lọ́ńdọ̀nù ni a bí i sí, kò rìn dé ibẹ̀ láti ibì kankan, ṣùgbọ́n ohun tí mo sọ nínú ìbínú nìyẹn. Ó di àpò kan, ó lọ ń gbé lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Barking.

Fún oṣù mẹ́ta kò wọ ilé mi. Ó ń pè mí lọ́jọ́ Sunday lẹ́yìn ìsìn: "Mọ́mì, ẹ kú ìsìn, ṣé àlàáfíà ni?" Ó tán. Nígbà tí mo bi í bóyá yóò wálé ní Kérésìmesì, ó ní òun máa wò ó. Ẹni tó bá mọ ọmọ yẹn mọ̀ pé "màá wò ó" rẹ̀, rárá ni.

Ìyá mi wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Mo rojọ́ fún un lórí fóònù, mo rò pé yóò bá mi bá ọmọ wí. Ó kàn ní: "Ta ló kọ́kọ́ rajà lọ́wọ́ rẹ̀?"

Mo ní, "Mama, n kò mọ̀."

"Ọmọ rẹ bẹ̀rẹ̀ ọjà, o ò lọ rà lọ́wọ́ rẹ̀? Ará ìta lo fi sílẹ̀ fún?"

"Ó ti lé ní oṣù méjì tó ti débẹ̀, Mama. Ó ti kọjá."

"Kí ló kọjá? Ojoojúmọ́ lọjà ń ṣí. Dìde, lọ ra ti àárọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, má fi ẹnu bú u mọ́."

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ ohun tó ń wí. Ní ọjà wa, ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ òwò, ìyá rẹ̀ tàbí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tutù ni yóò kọ́kọ́ rà. Olówò náà yóò gba owó yẹn, yóò fi kan ọjà tó kù yíká, yóò fi kan iwájú orí rẹ̀, yóò ṣàdúrà, kí ó tó fi í sápò. Dọlápọ̀ mọ̀ ọ́n. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó lo ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ní ìsọ̀ ìyá mi, òun ló sì ń gba owó àkọ́kọ́ láràárọ̀. Ìdí tí mo fi wá owó tuntun nìyẹn.

Ọkọ̀ bọ́ọ̀sì dé láago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Pọ́n-ùn kan àti pẹ́ńsì márùndínlọ́gọ́rin ni owó rẹ̀, ibi yòówù kí èèyàn ń lọ. Ẹni tó wà á ni Bùọ̀dá Ṣẹ́gun, ọmọ Ẹ̀gbá, a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà. Kò gbọdọ̀ bá èrò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n èmi nìkan ni mo wọlé níbẹ̀.

"Mama Dọlá! Ní Sátidé? Ṣé wọ́n ń sè oúnjẹ ilé ẹ̀kọ́ ní Sátidé ni?"

"Ọjà ni mo ń lọ."

"Láago mẹ́fà! Ìjẹ̀bú yìí náà! Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ni ọjà jí ná."

Mo rẹ́rìn-ín, mo lọ jókòó. Ó yẹ kí n ti gbọ́ ohun tó sọ.

Ní ibùdókọ̀ Dagenham Heathway, mo fi káàdì kan ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà, mo sọ̀kalẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin náà gbóná. Mo ń ka àwọn ibùdó bí a ti ń kọjá wọn: Becontree, Upney, Barking. Ní Barking, mo wo ìta. Ibì kan láàárín àwọn ilé tó ní iná lójú fèrèsé yẹn, ọmọ mi ń bọ́jú. Ní Mile End mo bọ́ sílẹ̀, mo wọ èkejì tó wà ní òdìkejì pèpéle náà gan-an, kò gba ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lọ. Owó gbogbo rẹ̀ lé díẹ̀ ní pọ́n-ùn mẹ́ta.

Aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú ni mo dé ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà náà. Ilẹ̀kùn mẹ́rin ni, igi pẹ̀lú idẹ dídán. Lára rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé aago mẹ́wàá ni wọ́n ń ṣí. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Àárọ̀ Ìjẹ̀bú ni mo fi wọn àárọ̀ Lọ́ńdọ̀nù. Nílé, láago méje, ẹni tó kọ́kọ́ rajà ti délé ti sè é jẹ.

Mo dúró fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, òtútù sì wọ inú ìka ẹsẹ̀ mi. Mo fẹ́ rìn yíká kí ara mi lè gbóná, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ pàdánù ààyè mi. Nítorí náà mo ṣe ohun tí a máa ń ṣe nídìí ẹ̀rọ omi nígbà tí a wà ní kékeré, tí a bá gbé korobá sílẹ̀ lórí ìlà tí a sì lọ ṣeré. Mo gbé àpò fúláàsì mi sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, mo sì lọ wo fèrèsé wọn.

Fèrèsé náà tó wò. Wọ́n to àgbọ̀nrín onígi sínú ọ̀kan, wọ́n fi òwú ṣe yìnyín. Nínú òmíràn, àpótí ẹ̀bùn ga dé òrùlé, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fi bébà pupa dì. Mo ronú pé bóyá ọmọ mi ló dì wọ́n.

Nígbà tí mo yí igun kejì padà, ọkùnrin aṣọ́nà kan ti dúró ti àpò mi, kò sún mọ́ ọn, ó ń sọ̀rọ̀ sínú rédíò ọwọ́ rẹ̀. Mo sáré. Ìyá òyìnbó arúgbó kan tó jókòó lórí àpótí ìjókòó kékeré tó ṣeé ká ń sọ fún un pé:

"Ọmọ mi, tíì ni. Mo ń gbọ́ òórùn ata ilẹ̀ rẹ̀ láti ibí."

Mo ní, "Ẹ má bínú, tèmi ni. Mo fi di ààyè mú ni."

Aṣọ́nà náà wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Mà, ẹ kò lè fi àpò sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ku díẹ̀ kí n pe ọlọ́pàá, kí wọ́n ti gbogbo òpópónà yìí pa."

Ojú tì mí, mo gbé àpò mi mọ́ra. Nígbà tó lọ tán, mo rí i pé ìyá náà ti wà ní iwájú ilẹ̀kùn gan-an. Òun ló di ẹni àkọ́kọ́. Nílé, màá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi ni mo ti wà níbẹ̀." Níbí, ìlà ni òfin, ẹni tí kò dúró nínú rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Mo bọ́ sẹ́yìn rẹ̀.

Mo bu tíì fún un nínú ìdérí fúláàsì. Ó mu ún, ó wúkọ́, ó ní kí n tún bu sí i. Maureen lorúkọ rẹ̀. Ó pè mí ní olùfẹ́, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo ènìyàn ní ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, kò túmọ̀ sí nǹkan kan, ó sì dùn mọ́ mi. Mo bi í kí ló gbé e jáde nínú òtútù bẹ́ẹ̀.

Ó ní ìyá ìyá òun ṣiṣẹ́ ní ilé yìí, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, nígbà tó wà ní ọmọge. Lókè pátápátá níbẹ̀ ni wọ́n ń sùn, àwọn ọmọbìnrin mẹ́jọ nínú yàrá kan. Ní àsìkò Kérésìmesì, àwọn obìnrin olówó a fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin àti mọ́tò wá ra ẹ̀bùn. Ìyá ìyá rẹ̀ ló ń di ẹ̀bùn náà, okùn tó ń fà a máa gé e níka.

"Wọn kì í jẹ́ kí wọ́n jókòó," ni ó wí. "Láti àárọ̀ títí dìgbà tí wọ́n bá tilẹ̀kùn. Nígbà tí mo mọ̀ ọ́n, ó ti darúgbó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò wọ bàtà gidi mọ́. Sálúbàtà ló ń wọ̀ káàkiri, àní lọ sí ìsìnkú. Nígbà tí ìjọba kọ́ àwọn ilé Becontree, wọ́n fún un ní ọ̀kan."

Mo ní, "Becontree ni mo ń gbé."

"Ǹjẹ́ o rí i!" Ó fi igi ọwọ́ rẹ̀ tọ́ka sí ilẹ̀kùn tó wà níwájú wa. "Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbà. Wọn kò jẹ́ kó gba ibí yìí wọlé rí, àní lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, lọ́dọọdún, mo máa ń wá kí n kọ́kọ́ gba ibí wọlé fún un. Màá ra bísíkíìtì agolo kan, màá ní kí wọ́n dì í fún mi, màá sì padà sílé. Ìwọ ńkọ́?"

Mo sọ tèmi fún un, ohun tí mo sọ fún ọmọ mi, ohun tí ìyá mi sọ fún mi, àti pé ní àjà kẹrin, níbi tí wọ́n ti ń di ẹ̀bùn, mo gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́. N kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì. Maureen gbọ́ ọ, ó gbọn omi tó kù nínú ìdérí náà dànù. "Ó dáa," ni ó wí, ó yí ojú padà sí ilẹ̀kùn. Mo kábàámọ̀ pé mo sọ ọ́.

Láago mẹ́wàá géérégé, wọ́n ṣílẹ̀kùn. Èrò ti gùn lẹ́yìn wa. Maureen ká ìjókòó rẹ̀, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó wọlé, èmi tẹ̀ lé e.

Inú ilé náà mọ́lẹ̀ débi pé ojú ń ro èèyàn. Àwọn ọmọbìnrin aláṣọ dúdú ń fín lọ́fíńdà sí wa lára láìbéèrè. Ohun tí mo ti pinnu tẹ́lẹ̀ ni pé kí n ra áńkáṣíìfù kan ní ìsàlẹ̀ níbẹ̀, pọ́n-ùn méjìlá ni, kí n sáré gòkè, kí n ṣáájú ẹnikẹ́ni dé ọ̀dọ̀ Dọlápọ̀. Mo ti mú un lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ìyá ìyá Maureen kò kúrò lọ́kàn mi. Ọmọ mi kórìíra ilẹ̀ tútù láti kékeré. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, níbi tí a ti ń bọ́ bàtà, ó máa ń fi ẹsẹ̀ kan lé orí èkejì títí a ó fi ṣe àmín. Oṣù mẹ́ta ló ti ń dúró níhìn-ín, n kò bi í rí pé báwo ni ẹsẹ̀ rẹ̀.

Mo dá áńkáṣíìfù padà sáyè rẹ̀. Mo gun àtẹ̀gùn tó ń rìn fúnra rẹ̀ lọ sí àjà kejì, mo bèèrè sálúbàtà tó ní irun àgùntàn nínú. Pọ́n-ùn mẹ́rìndínlógójì. Ní Heathway, n kò ní san ju mẹ́sàn-án lọ, mo sì rò ó dáadáa kí n tó sanwó. Ẹni tó ń tà á pẹ́ kó tó rí nọ́ńbà mẹ́fà. Nígbà tí mo fi dé àjà kẹrin, aago mẹ́wàá ti kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógún.

Maureen ti wà ní iwájú káńtà pẹ̀lú agolo bísíkíìtì rẹ̀. Ọkùnrin kan àti ọmọge kan ti tò sẹ́yìn rẹ̀. Ní òdìkejì káńtà ni Dọlápọ̀ mi, nínú aṣọ dúdú, ó di irun rẹ̀ sẹ́yìn, ó ti rù díẹ̀. Kò rí mi. Ó nà ríbọ́ọ̀nù méjì síwájú Maureen.

"Pupa," ni Maureen wí. "Rárá, aláwọ̀ ewé. Dúró ná. Ṣé o ní aláwọ̀ wúrà?"

Ó gbójú sókè, ó rí mi. Ó sọ fún gbogbo wọn sókè pé: "Mi ò lè mú ọ̀kan. Ìyáàfin yìí mọ ohun tó fẹ́, ẹ jẹ́ kó lọ ṣáájú. A jọ wà lórí ìlà láti àárọ̀ ni." Ọkùnrin ẹ̀yìn rẹ̀ wo aago ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n níbí, ẹni tí a bá jọ wà lórí ìlà, a jọ wà ni.

"Ẹ káàárọ̀, mà, kí ni mo lè..." Dọlápọ̀ gbójú sókè wò mí. "Mọ́mì?"

"Ẹ kú ọjà o," ni mo wí. "Ajé á wọ igbá."

Ojú rẹ̀ yí padà. "Mọ́mì, kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé Màmá Àgbà ni?"

"Màmá Àgbà wà dáadáa. Ọjà ni mo wá rà."

"Ẹ wá láti Dagenham wá ra bébà?"

"Ta ló ti rà lọ́wọ́ rẹ láàárọ̀ yìí?"

"Kò tíì sí ẹnì kankan." Ó fi ẹnu tọ́ka sí Maureen. "Màmá yìí ló kọ́kọ́ dé, wọ́n ti ń yan ríbọ́ọ̀nù láti bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo ti fi mẹ́fà hàn wọ́n."

Mo gbé àpótí sálúbàtà náà kalẹ̀. Ó ṣí i láti wò ó, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. "Nọ́ńbà mẹ́fà. Mọ́mì, ẹsẹ̀ yín kì í ṣe mẹ́fà."

"Mo mọ̀."

Ó tẹ orí ba, ó gé bébà. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ká etí bébà náà lẹ́ẹ̀kan, ó fi èékánná àtàǹpàkò fà á láti òpin kan dé èkejì kó lè jókòó, gẹ́gẹ́ bí ìyá mi ṣe ń ká aṣọ fún oníbàárà. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́. Ìsọ̀ Ìjẹ̀bú-Igbó ló ti rí i.

"Ta ni kí n kọ sí i?"

"Kọ orúkọ ẹni tó ń fẹsẹ̀ dúró látàárọ̀."

Ó kọ ọ́, ó so ó mọ́ ọn. "Pọ́n-ùn mẹ́fà, Mọ́mì."

Mo yọ owó tuntun mi. Ó rọra fọwọ́ kàn án ní ọwọ́ mi, ó sì fi bébà kékeré kan tó dúró lórí káńtà hàn mí. "A kì í gba owó bébà níbí. Káàdì nìkan."

Mo dúró, mo na owó náà síwájú bí ẹni tó gbàgbé rẹ̀ lọ́wọ́. Dọlápọ̀ wò ó, ó rí i pé a kò ṣẹ́ ẹ po rí.

"Màmá Àgbà ló rán yín?"

"Òun ló rán mi létí. Èmi ni mo fẹsẹ̀ mi wá."

Ó na ọwọ́, ó ní kí n fún òun ní káàdì mi. Àwọn oníbàárà ló máa ń fi káàdì kan ẹ̀rọ fúnra wọn, ṣùgbọ́n ó gbà á. Ó fi kan àwọn bébà tó wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó fi kan ríbọ́ọ̀nù, ó fi kan àwọn àpótí òfìfo. Ó wá fi kan iwájú orí rẹ̀, ó di ojú, ètè rẹ̀ mì. Lẹ́yìn náà ni ó fi kan ẹ̀rọ, ẹ̀rọ náà sì dún.

"Ṣé káàdì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ ni?" ni Maureen béèrè.

"Ó ń ṣiṣẹ́, mà," ni Dọlápọ̀ dá a lóhùn. "Bí a ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn."

Ó dá káàdì mi padà fún mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ ò tiẹ̀ bèèrè ènì." Ó gé ríbọ́ọ̀nù aláwọ̀ wúrà kan, ó so ó mọ́ àpò fúláàsì mi. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn wúkọ́. "Ẹ máa lọ, Mọ́mì, ìlà ti gùn. Ẹ rọra o."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Maureen. Ó ní kí ni mo ń dúpẹ́ fún, òun kò mọ ríbọ́ọ̀nù yàn ni. Ó sì mú pupa.

Mo jẹ búrẹ́dì mi nínú ọkọ̀ ojú irin. Ní Mile End ni mo tó wo ohun tí ọmọ mi kọ sára ẹ̀bùn náà tí mo ń gbé lọ sílé dè é. Ó kọ ọ́ kedere: "Ti Dọlápọ̀. Láti ọwọ́ oníbàárà àkọ́kọ́."

Mo délé láago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí n tó bọ́ ẹ̀wù òtútù, mo pe ìyá mi, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un bó ṣe rí, pé arúgbó òyìnbó kan ló fún mi láàyè. Ó ní kí n máa dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà. Mo wá bi í ní ohun tí n kò bi í rí láti ọjọ́ tó ti bí mi.

"Mama, ìsọ̀ aṣọ yẹn, ṣé ó ni yín lára?"

"Ìsọ̀ mi? Ta ló sọ fún ẹ?" Ó rẹ́rìn-ín títí. "Ibẹ̀ ni mo ti jayé orí mi. Ilé ni ìyà wà."

Ogún ọdún ni mo fi ń sọ pé kí ọmọ mi má bàa tajà, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ìyá mi ni mò ń sọ. Ọ̀rọ̀ tèmi ni. Ìrìn wákàtí kan ni mo rìn kí n tó mọ̀ ọ́n.

Láago kan ààbọ̀, nígbà ìsinmi ọ̀sán rẹ̀, fóònù mi dún. Kì í ṣe Sunday. "Mọ́mì, aago márùn-ún la máa tilẹ̀kùn lọ́jọ́ tí Kérésìmesì bá ku ọ̀la. Kí aago méje tó lù, màá ti dé. Ẹ má tíì dín dòdò o, mo fẹ́ ẹ ní gbígbóná."

Mo ní mo gbọ́. Mo gbé ẹ̀bùn náà, n kò tú u, mo gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn, síbi tó máa ń bọ́ bàtà rẹ̀ sí.